Ẹgbẹ̀ẹ́dógún Ò Ju Ẹgbẹ̀fà Lọ

Bí o bá pàdé ẹni tó lọ sílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Òkukù láàárín ogún ọdún sẹ́yìn, dárúkọ Tíṣà Fẹ́yìsetán sí i létí, kí o wo ọwọ́ rẹ̀. Á ká a wọ abẹ́ aṣọ. Obìnrin náà kò lè rí ọmọ tó ṣi ìṣirò kó gbójú kúrò. Kíkà ní Yorùbá ló fẹ́ràn jù, kíkà àwọn baba wa tí àwọn tíṣà yòókù ti pa tì. Á tò yín síwájú bọ́ọ̀dù, ẹ ó máa kà á lọ láti oókan. Ẹni tó bá fo ẹyọ kan péré, bó ti wù kó kà á jìnnà tó, ohùn kan náà ni yóò gbọ́: "Padà sí oókan!" Kò sí ẹ̀bẹ̀. Kò sí "ẹ jọ̀ọ́, mà". Bí o bá sì fẹ́ rí ìbínú tó ju pàṣán lọ, sọ fún òun fúnra rẹ̀ pé ó ṣì í. Háà! Wọn ò tíì bí ẹni náà ní Òkukù tó ti ṣiṣẹ́, wọn ò sì tíì bí i ní Inísà tó fẹ̀yìntì sí.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Ẹ̀rínọlá ni. Ẹ̀rínọlá kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní yunifásítì, ó gba ìwé ẹ̀rí tó dáa, ó sì wá jókòó sí Inísà fún ọdún méjì gbáko, tó ń bá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó. Ìyà gbáà! Àfi lọ́jọ́ Àìkú kan tí iléeṣẹ́ kan ní Ìbàdàn kọ̀wé sí i lórí fóònù. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kó ya ilé alájà méjì sórí kọ̀ǹpútà, irú àwòrán tí èèyàn lè yí po, tí èèyàn lè wọ inú rẹ̀ kó sì gun àtẹ̀gùn rẹ̀. Kó fi ránṣẹ́ kí aago méjìlá ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tó lù. Bó bá dáa, ó ti wọṣẹ́ nìyẹn, inú ilé wọn ní Inísà ni yóò sì ti máa ṣe é.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà Ẹ̀rínọlá ti kú láti oṣù tó kọjá.

"Èmi ni n ó rà á fún ọ," Fẹ́yìsetán sọ. "Ìwọ jókòó, kí o máa fi pẹ́ńsù ya ilé rẹ sílẹ̀ ná. Èmi ni n ó lọ sí Ìkìrun."

Ẹ̀rínọlá fẹ́ bá a lọ. Ìyá rẹ̀ wò ó bákan, ó padà jókòó. Ó wá ya bébà kékeré kan, ó kọ orúkọ ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó fẹ́ sí i, ìyẹn ohun inú rẹ̀ tó ń bá a ronú: i5-1235U. Ó fàlà sí i nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, èyí gan-an ni o. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ pè mí. Kí ẹnikẹ́ni má fi òmíràn lọ̀ yín."

"Ṣé mi ò mọ̀wé kà ni?"

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n júwe fún un kọjú sí ibi tí àwọn kòrópe Òkukù ti ń kérò ní Ìkìrun. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni wọ́n ń tà níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n jọ bí ẹja lórí àtẹ. Adéjàre ló ni ín, ọmọ tí Fẹ́yìsetán fúnra rẹ̀ kọ́ ní Òkukù, tó nà fún odidi táàmù kan kó tó lè kà kọjá ogún. Bí Adéjàre ṣe rí i, gbalaja ló dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì.

"Tíṣà! Ẹ káàbọ̀, mà! Òní á dáa!"

Fẹ́yìsetán na bébà sí i. Adéjàre kà á, ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín. Fẹ́yìsetán rò pé ẹ̀rín ọ̀wọ̀ ni. Ọmọkùnrin náà gbé kọ̀ǹpútà méjì wá, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èyí tí Ẹ̀rínọlá kọ wà níbẹ̀ o! Ó wà níbẹ̀ gbangba, àkọlé rẹ̀ ń dán. Èkejì, i7-3520M ni wọ́n kọ sí i lára.

"Tíṣà, ẹ bá mi kà á," Adéjàre pariwo, kí àwọn oníbàárà lè gbọ́. "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wá gbọ́ Yorùbá! Kò tún sí ẹni tó lè kà báyìí mọ́ ní gbogbo Odò Ọ̀tìn."

Ta ni wọ́n á ki báyẹn tí orí rẹ̀ ò ní wú? Fẹ́yìsetán gbé dígí wọjú. Ó fọwọ́ kan ti Ẹ̀rínọlá. "Ẹgbẹ̀fà ó lé márùndínlógójì." Ó fọwọ́ kan èkejì. "Ẹgbẹ̀ẹ́dógún ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé ogún." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Obìnrin kan ní, "Yéè, Màmá, Ọlọ́run á dá yín sí fún wa!"

"Èwo ló pọ̀ jù nínú méjèèjì, mà?"

"Ìbéèrè òmùgọ̀ nìyẹn."

"Méje àti márùn-ún tó wà níwájú ńkọ́?"

"Adéjàre, ṣé ẹgba ń yún ọ ni?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Adéjàre wá sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mà, mo mọ ìdí tí ọmọ yín fi kọ èyí tó kéré. Ọmọ dáadáa ni. Kò fẹ́ ni yín lára ni. Ó wò ó pé ẹ ti fẹ̀yìntì, pé…" Ó gbé ìyókù ọ̀rọ̀ mì.

Ó ti mú un nìyẹn. Kí ọmọ tí òun bí máa ṣàánú òun! Òun tó fi ṣọ́ọ̀kì àti bọ́ọ̀dù tọ́ ọmọ dé yunifásítì, kó wá jẹ́ pé èyí tó kéré ni òun máa rà fún un! Ó nawọ́ sí ẹgbẹ̀ẹ́dógún. "Dì í fún mi," ó ní. Bébà Ẹ̀rínọlá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó run ún mọ́wọ́, ó jù ú sínú agbọ̀n ìdọ̀tí ẹnu ọ̀nà.

Títí ọkọ̀ fi dé Inísà, orí itan ló gbé ẹrù náà lé. Ẹ̀rínọlá kúnlẹ̀ gbà á, ó tú u, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu rẹ̀ kú.

"Màmá, mo kọ ọ́ sínú bébà fún yín."

"Mo rí ohun tí o kọ. Èyí tó jù ú lọ ni mo rà. Sọ pé o ṣeun."

"Kò jù ú lọ, Màmá. Ẹgbẹ̀ẹ́dógún kọ́ lẹ ń wò yẹn. Àwọn tó ṣe é ò fi ka iye. Iwájú nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń sọ ìran tó ti wá. Mẹ́ta ló wà níwájú tibí, ìran kẹta nìyẹn. Èyí tí mo kọ, méjìlá ló wà níwájú rẹ̀. Ìran kejìlá! Bí ọdún mẹ́wàá ló wà láàárín wọn. Ògbólógbòó ni wọ́n tà fún yín."

"Méjìlá wo? Oókan ló wà níwájú níbẹ̀, eéjì ló tẹ̀ lé e."

"Wọ́n pa méjèèjì pọ̀ ni."

"Kí ló dé tí wọn ò pa mẹ́ta àti márùn-ún pọ̀ nínú tibí?"

Ẹ̀rínọlá wo nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ká má purọ́, ta ló máa rí nǹkan sọ sí i? Ẹni tó fi nọ́ńbà sọ nǹkan lórúkọ, tó ní kí o wo ẹyọ kan níwájú tibí, kí o wo ẹyọ méjì níwájú tọ̀hún, tí kò fi àmì kankan sáàárín, tó wá tún fi lẹ́tà kan há a nídìí, ṣé ẹni tó fẹ́ kó yé ọ nìyẹn? Tí méje bá dàgbà, márùn-ún tó jẹ́ ọmọdé á nà án. Irú ìsọmọlórúkọ wo nìyẹn?

"Ẹ jẹ́ ká dá a padà lọ́la, Màmá. Ọjọ́ ṣì kù."

"Kí n lọ sọ fún Adéjàre pé mi ò mọ ìṣirò? Adéjàre tó ń fi ìka ẹsẹ̀ kún ti ọwọ́ kó tó lè ka ogún? Nọ́ńbà kì í purọ́, Ẹ̀rínọlá. Lọ tan kọ̀ǹpútà rẹ kí o ṣiṣẹ́."

Ó tan án. Ó ya ògiri, kọ̀ǹpútà ní kó dúró. Ó ya fèrèsé, ó tún ní kó dúró. Bó bá yí ilé náà díẹ̀ báyìí, fáànù inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, abẹ́ rẹ̀ á gbóná débi pé aṣọ ló fi ń gbé e. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, ó kú pii, ó sì gbé gbogbo àtẹ̀gùn tí ọmọ náà ti yà lọ. Inú yàrá kejì ni Fẹ́yìsetán jókòó sí, tó ń gbọ́ igbe fáànù yẹn. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín jẹ o, ó ti mọ̀. Láti àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti mọ̀ pé òótọ́ ni ọmọ òun sọ. Ìkìrun ò sì jìnnà sí Inísà. Kò dìde.

Nígbà tí aago méjìlá lù ní Ọjọ́bọ̀, ilé Ẹ̀rínọlá ò ní àtẹ̀gùn, kò sì ní òrùlé. Ó fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Aago méjì ò tíì lù tí èsì fi dé, ìlà kan péré: wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti mú ẹlòmíràn.

Kò sunkún. Ó pa kọ̀ǹpútà náà dé, ó wá kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá," ó ní. Ó dìde, ó wọlé lọ. Láti ìgbà náà, ìkíni àárọ̀ àti ti alẹ́ nìkan ló kù láàárín wọn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Fẹ́yìsetán gbé kọ̀ǹpútà náà, ó di Ìkìrun. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé e lé orí tábìlì Adéjàre pẹ̀lú ariwo. Adéjàre ti ń tẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀.

"Má dọ̀bálẹ̀ fún mi! Dìde, olè! O rẹ́ mi jẹ! O mọ̀ pé ògbólógbòó ni, o sì gbé e lé mi lọ́wọ́!"

Adéjàre dìde. Ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù, gbogbo oyin tó wà lẹ́nu rẹ̀ sì gbẹ. "Tíṣà, ẹ jẹ́ n bi yín. Ṣé mo purọ́ fún yín? Mo ní kí ẹ kà á, ẹ kà á. Mo bi yín pé èwo ló pọ̀ jù, ẹ bú mi ní òmùgọ̀. Ta ló kọ́ mi pé ẹgbẹ̀ẹ́dógún ju ẹgbẹ̀fà lọ? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ni? Àpá rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn mi."

"O ní ọmọ mi ń ṣàánú mi!"

"Mo ní bẹ́ẹ̀. Ta ló ní kí ẹ gbà á? Ẹ ò lè pe ọmọ yín lórí fóònù ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gbá a lẹ́nu, ó sì mọ̀ pé ó tọ́ sí òun. Ìyẹn ló tún mú kó pariwo. "O mọ̀! Ìwọ mọ̀ ọ́n kà!"

"Mo mọ̀ ọ́n kà. Gbogbo àwa tó ń tà á la mọ̀ ọ́n kà. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ náà mọ̀." Adéjàre fara ti tábìlì. "Ẹni tó bá mọ ọjà, Tíṣà, kì í wo méje, kì í wo márùn-ún. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síta fún, kó rí i kí ojú rẹ̀ dán. Irú yín ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ fún." Ó nàka sí pátákó tó wà lókè orí rẹ̀: ỌJÀ TÍ A BÁ TÀ, A KÌ Í GBÀ Á PADÀ. "Ẹ ka ìyẹn náà, mà. Ìyẹn ò ní nọ́ńbà nínú."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un lọ́jọ́ Ajé wà nínú wọn. Ojú ti Fẹ́yìsetán. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó jáde.

Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rò pé tésàn ọlọ́pàá ni yóò lọ, tàbí kó lọ bá pásítọ̀ ìjọ Adéjàre. Kò lọ síbì kankan nínú wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú kòrópe ní Ìkìrun pẹ̀lú bọ́ọ̀dù tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, àpótí ìjókòó kan, páálí ṣọ́ọ̀kì, àti kọ̀ǹpútà ògbólógbòó náà. Abẹ́ ìbòòji aránṣọ tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù Adéjàre gan-an ló gbé bọ́ọ̀dù náà kalẹ̀ sí. Ó kọ nọ́ńbà méjèèjì gàdàgbà: 3520 lókè, 1235 nísàlẹ̀.

Àgbẹ̀ kan láti Ìgbàyè ló kọ́kọ́ dé, Ọlánípẹ̀kun ni wọ́n ń pè é, ó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà fún ọmọ rẹ̀ tó wọ yunifásítì. Fẹ́yìsetán dábùú rẹ̀ lọ́nà.

"Èwo ló pọ̀ jù níbẹ̀ yẹn?"

"Ti òkè ni, mà."

"O kùnà." Ó mí kanlẹ̀. Ogójì ọdún ló ti ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ọmọ ọlọ́mọ. Èyí tó tẹ̀ lé e ni kò sọ rí láyé rẹ̀. "Èmi náà kùnà."

Ó fa ìlà kan lulẹ̀ láàárín 3 àti 520. Ó fa òmíràn láàárín 12 àti 35. Ó ṣàlàyé fún un bí Ẹ̀rínọlá ṣe ṣàlàyé fún òun. Ọlánípẹ̀kun wo bọ́ọ̀dù, ó wo ṣọ́ọ̀bù Adéjàre, ó tutọ́ sílẹ̀. "Ọjọ́ wo ló fẹ́ jẹ́ ká mọ̀?" ó bi í. Kò wọ ibẹ̀. Ó dúró, ó ń bá a pe àwọn èèyàn.

Kó tó di ọ̀sán, èrò ti kún abẹ́ ìbòòji náà, kò sì sí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù. Adéjàre jáde tìbínútìbínú. "Tíṣà, ẹ ń ba ọjà mi jẹ́! N ó pe ọlọ́pàá!"

"Pè wọ́n. Àwọn náà ń ra kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n wá kọ́ ọ."

Ó wọlé, ó tún jáde. Lẹ́ẹ̀kẹta tó jáde, kọ̀ǹpútà i5 ọjọ́ Ajé yẹn ló gbé dání. Ẹnu rẹ̀ ti rọ̀. "Mà, ẹ gbà á. Ẹ gbé ti tẹ́lẹ̀ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé."

Fẹ́yìsetán gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ka ohun tó wà lára rẹ̀. Ó gbé ògbólógbòó fún un. Ó ti èyí tó gbà bọ abẹ́ àpótí, ó sì tún mú ṣọ́ọ̀kì.

"Ẹ ti gbà á, mà! Kí ló tún kù?"

"Ọjọ́bọ̀ ló kù," Fẹ́yìsetán sọ. "Lọ gbé Ọjọ́bọ̀ ọmọ mi wá."

Kò rí i gbé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó kawọ́ gbera.

Fẹ́yìsetán kọjú sí èrò. Ìbínú ló fi ń sọ̀rọ̀, kò sì mọ ìgbà tí ìbínú náà yí padà sí ara rẹ̀. "Olè ni ọ̀gbẹ́ni yìí, mo sọ ọ́ lójú rẹ̀. Àmọ́ ọmọ mi kọ èyí tó tọ́ sínú bébà fún mi. Mo ju bébà náà nù. Ó ní ká dá a padà, mo kọ̀. Mo jókòó sílé, mò ń gbọ́ bí iṣẹ́ ọmọ mi ṣe ń bàjẹ́, nítorí mi ò fẹ́ kí ọmọ tí mo bí kọ́ mi ní ìṣirò. Adéjàre kọ́ ló ṣe ìyẹn!"

Ó gbójú sókè. Ẹ̀rínọlá wà lẹ́yìn èrò. Awakọ̀ kan ló lọ sọ ní Inísà pé ìyá rẹ̀ ti ń ya wèrè ní Ìkìrun, òun náà sì wọkọ̀ wá láti wá mú un lọ sílé. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bojú jẹ́. Ó la àárín èrò kọjá, ó na ọwọ́. Ìyá rẹ̀ fún un ní ṣọ́ọ̀kì.

Ẹ̀rínọlá nu bọ́ọ̀dù náà mọ́. Ó kọ 1235 padà, kò fàlà sí i. "Ẹ kà á, Màmá."

Fẹ́yìsetán jókòó sórí àpótí láàárín àwọn oníbàárà. Ó la ẹnu. Ogójì ọdún kì í ṣe ọjọ́ kan, ohun tó mọ́ ọn lẹ́nu ló kọ́kọ́ jáde. "Ẹgbẹ̀fà ó lé…"

"Ẹ padà sí oókan."

Adéjàre fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀, ó sún mọ́ wọn. Ọmọ wo ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ní gbangba ọjà? Fẹ́yìsetán wo ojú ọmọ rẹ̀, ó ká ọwọ́ méjèèjì wọ abẹ́ aṣọ.

"Oókan," ó bẹ̀rẹ̀. "Eéjì. Ẹẹ́ta. Ẹẹ́rin." Kò fo ẹyọ kan. Ó kà á títí dé eéjìlá, ó sì dúró níbẹ̀.